Ẹ̀rọ Tó Dákẹ́ Nísàlẹ̀ Òkun

Ó ti rẹ Rẹ̀mílẹ́kún débi pé bó bá dijú, igbe àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun nì, ló ń gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní ọ́fíìsì kan ní Duluth, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà: kó fi ẹ̀rọ bo etí látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kó máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkun oníyìnyín tó wà lókè Alaska. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa epo níbẹ̀, ìjọba sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ẹran omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò fojú kan òkun ọ̀hún rí ni wọ́n wá gbé jókòó tì í ní Georgia, ẹ wo ayé!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ kú. Bátìrì rẹ̀ kò lè fara da òtútù, àsìkò táwọn àbùùbùtán ń ṣí lọ gan-an ló sì dákẹ́. Ọ̀gá fẹ́ kí Rẹ̀mílẹ́kún wá nǹkan kọ sójú ibi tó ṣófo yẹn nínú ìròyìn ìwádìí tí wọ́n máa fún àwọn elépo.

Uncle Ọládipúpọ̀ ni ọ̀gá náà. Òun ló bá a wá iṣẹ́, òun ló ń bá a ṣe ìwé ìgbélùú, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Rẹ̀mí, o ò tíì submit? Just put zero."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, zero kọ́ o. Recorder yẹn ti kú."

"Ṣé o gbọ́ whale kankan?"

"Mi ò gbọ́, sir."

"Ehen! Zero nìyẹn. Sign it today. Green card ẹ ṣì wà lọ́wọ́ wa, má jẹ́ kí client bínú."

Inú bí i, ṣùgbọ́n àárẹ̀ rẹ̀ ju ìbínú lọ. Báwo ló ṣe máa bá ẹni tó ń jẹ lára rẹ̀ jà? Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó wá bá a tọ́mọ, pè é láti ilé ní Clarkston bó ṣe máa ń pè lọ́sàn-án.

"Ṣó o ti jẹun?"

"Rárá, Màámi. Ó rẹ̀ mí. Ẹ rántí àwọn tó wá wádìí òkun wa kí wọ́n tó wa epo?"

Báwo ni kò ṣe ní rántí? Lábúlé wọn létíkun Ìlàjẹ, bí ọba bá wàjà, ẹnikẹ́ni kì í wọ òkun títí wọn yóò fi sìnkú tán. Àsìkò yẹn làwọn olùwádìí dé. Wọ́n bá ọkọ̀ lórí iyanrìn, wọ́n bá àwọ̀n tó ti gbẹ, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó ń pẹja níbẹ̀. Nígbà tí epo ba omi jẹ́, tí bàbá Rẹ̀mílẹ́kún ń béèrè owó gbà-máà-bínú, ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn nìyẹn títí tó fi kú.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn pé ọba ló wàjà?"

"Ta ló bi wá léèrè?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Rẹ̀mílẹ́kún sunkún díẹ̀, ó nujú, ó padà wọlé. Ibi tí Uncle ní kó fi òdo sí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ti kú, pé ẹnikẹ́ni kò mọ iye àbùùbùtán tó kọjá. Ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́ sí Uncle àti àwọn elépo pa pọ̀.

Kò pẹ́ tí Uncle fi tún dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko.

"Rẹ̀mí, what is this? Ta ló bi ẹ́ léèrè?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sir," ló wí. Ó kúnlẹ̀ fún un torí àgbà ni. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ lórí tábìlì.