Wákàtí Kan Tí Asmaou Tọrọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fẹsẹ̀ kálẹ̀, kí etí yín yó kí ikùn yín tó yó. Ìtàn Asmaou ni mo gbé dání, obìnrin tó ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, nílé ìwòsàn kékeré kan ní Dowa.

Ó ti rẹ Asmaou, rírẹ tó wọ egungun. Ọ̀kẹ́ méjì orúkọ ló wà nínú ẹ̀rọ, kò sì sí atọ́ka kankan tí yóò tọ́ka ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà. Bí wọ́n bá wá ẹnì kan, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, á máa kà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, títí dé ìkẹyìn. Èrò á tò dé títì. Asmaou ni wọ́n á sì máa bú.

Wákàtí kan ló fẹ́ fi to atọ́ka, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ ní wákàtí náà. Lálẹ́, wọ́n ń paná, ẹ̀rọ ò sì ní ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án, ọ̀gá rẹ̀, Théophile, á ní, "Èrò ò ní gbà." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá ní, "Bí ẹ̀rọ yìí ò bá yá kó tó dọ̀sán, bébà la ó padà sí. Ìwọ náà á padà sílé."

Asmaou dìde, ó bá èrò níta.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ á sùn díẹ̀. Bó bá jí, á yára."

Bàbá Bouraïma, tó gun alùpùpù zém wá láti Akpro-Missérété ní ìdájí, ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ò tíì jí rí! Kí ló tún fẹ́ sùn ṣe?"

Ẹ̀rín sọ.

"Bí kò bá yá, Bàbá, kẹ́ ẹ bú mi."

"A kúkú ti ń bú ẹ!"

Ni Tantí Sakinath, tó ń ta àtàsì lẹ́nu ọ̀nà, bá ṣí ìkòkò ìrẹsì òun ẹ̀wà rẹ̀, ó dá orin:

*Sùn o, ẹ̀rọ, sùn o,*
*À ń jẹun dè ọ́, sùn o.*

Èrò gbè é, wọ́n nawọ́ sí abọ́. Ọ̀gá jáde, ó rí ẹnu tó kún, ó yí padà wọlé.

Asmaou ti ẹ̀rọ. Ó jókòó tì í, ó ń to atọ́ka, kò tọ́ oúnjẹ wò. Nígbà tí wákàtí pé, ó ṣí i, ó tẹ "Bouraïma". Kó tó mí, ogójì Bouraïma ti yọ!

"Bàbá, èwo ni tiyín?"

"Èyí tó ti ń dúró jù."

Kó tó dọ̀sán, èrò ti tán. Oníkálùkù lọ sílé, oògùn lọ́wọ́, àtàsì níkùn. Asmaou ló jẹ ti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ṣì rẹ̀ ẹ́ o, ṣùgbọ́n ó yó, ó ń kọrin lọ sílé.