Ọkọ̀ Bàbá Kò Ní Kúlọ́ọ̀ṣì Mọ́

"Ẹ tún un tẹ̀!" ni ọmọbìnrin mekáníìkì náà pariwo láti abẹ́ jíìpù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wà nídìí ọkọ̀, tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ó wọ jíà iwájú, ó wọ ti ẹ̀yìn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi.

Ẹ̀gbọ́n fi í sí pààkì, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ariwo púpọ̀, ìrìn kò sí. Ìwọ yìí, ọkọ̀ lò ń tún ṣe àbí rédíò?"

Àbúrò rẹ̀ rá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú ẹsẹ̀ òsì bàbá wọn, tí kò lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́, ni jíìpù náà ti wà lẹ́yìn ilé. Ọmọbìnrin náà ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ jíà àtijọ́, kí òun fi ọtomátíìkì rọ́pò rẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tó fún. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá rìn lónìí, kí oníirin àlòkù máa gbé e lọ. Oníirin náà sì ti wà lójú ọ̀nà.

Ó wo òróró jíà: ó kún, ó mọ́. Ó tú páìpù rẹ̀ wò: òróró ń tú jáde dáadáa. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́nà tí kò yẹ kó dùn. Gbogbo nǹkan pé, ọkọ̀ kò sì lọ! Irú àlọ́ tó fẹ́ràn nìyí.

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti imú ọkọ̀, ó ń wo fóònù rẹ̀. Jíìpù rọra yí sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kí Ẹ̀gbọ́n ṣubú.

"Yéè! Ọkọ̀ yìí fẹ́ pa mí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé pààkì lẹ fi í sí lóòótọ́?"

"Pààkì ni. Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún tì í!"

"Orí tìẹ ló dàrú." Ó tì í. Ọkọ̀ tún yí.

Mekáníìkì pàtẹ́wọ́. Pààkì ló yẹ kó de táyà mọ́lẹ̀. Bí táyà bá ṣì ń yí, a jẹ́ pé kò sí ohun tó so jíà pọ̀ mọ́ wọn. Jíà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni, èyí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn! Lánàá, bí wọ́n ti ń gbé jíà ọtomátíìkì náà sókè, òun fúnra rẹ̀ ló fà á sí fíríì, níbi tí kì í ti í gbé agbára fún táyà kankan, kó lè fọwọ́ yí irin, kí ihò bóòtù bára mu. Kò tíì dá ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á padà sínú ọkọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí i.

"Ẹ fi òkúta dí táyà!"

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ bí alángbá, ó fi sípánà yí apá irin kan lára jíà kékeré náà. Ó dún kọ̀! Ó jáde, ó gbá òkúta dànù.

"Ẹ padà sídìí ọkọ̀, ẹ wọ jíà!"

Jíìpù fò síwájú. Ẹ̀gbọ́n tẹ bíréèkì, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ó lọ! Àbúrò, ó lọ o!"

Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra wá, ó ní kí ọmọkùnrin rẹ̀ dìde, ó sì gun àga. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wá kúlọ́ọ̀ṣì títí, kò rí i, ó sinmi. Mekáníìkì ń nu ọwọ́, ó sáré yí ká lọ sí ilẹ̀kùn kejì, ibẹ̀ ló ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tí yóò máa sọ pé, "Bàbá, ẹ rọra." Ṣùgbọ́n Bàbá ti sọ ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sórí àga ẹ̀gbẹ́ yẹn.

"Ẹ sọ fún oníirin kó padà," ló wí. Jíìpù gba ẹnubodè jáde, ó yà, ó lọ.

"Níbo ni wọ́n ń lọ?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"N ò mọ̀."

Bó ti sọ ọ́ tán ló wá yé e: láti ìgbà àìsàn náà, bàbá wọn kò tíì jáde nílé rí láìsọ ibi tó ń lọ fún ẹnì kan.