Òkè Tí Kò Sí ní Pellam

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tí yóò bá òun gbàdúrà ní Thamesmead, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà, kó béèrè Akíndélé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Nathan Way, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà, òun ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Tó bá ti di maíìkì mú, ẹni tó wá ra táyà nísàlẹ̀ pàápàá á ṣe àmín. Ìtàn kan ṣoṣo ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá: bó ṣe gun orí òkè lọ ní Amẹ́ríkà, tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfi omi kan ẹnu, tí Ọlọ́run fi sọ fún un pé Adéjùmọ̀kẹ́ ni ìyàwó rẹ̀. Kò sí àfẹ́sọ́nà kan nínú ìjọ náà tí kò tíì gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn ti gbọ́ ọ débi pé wọ́n lè bá a parí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, òkè wo? Káńtì Pellam, agbègbè kan ní Texas, níbi tí Akíndélé ń gbé nígbà náà, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Ẹni tó bá dúró lórí àga níbẹ̀ ti gun òkè. Ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àtìmọ́lé ṣẹ́rífù ni arákùnrin wa wà. Ṣẹ́rífù ni wọ́n ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá káńtì lọ́hùn-ún.

Ewúrẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bímọ, wọ́n lọ ra ewúrẹ́ láàyè lọ́wọ́ àgbẹ̀ òyìnbó kan, nínú gbogbo ọkùnrin tó pé jọ, Akíndélé nìkan ló láyà láti sọ pé òun mọ̀ ọ́n pa. Ó sì pa á lóòótọ́. Àárín àgbàlá tí gbogbo ilé dojú kọ ló ti pa á, lójú fèrèsé ìyá arúgbó kan tó ń mu kọfí àárọ̀. Kí wọ́n tó dáná tí wọ́n fẹ́ fi sun irun ara rẹ̀, ọlọ́pàá ti dé, wọ́n bá ọkùnrin kan tó mú ọ̀bẹ dání, tí ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ìsinmi ìjọba sì tún bọ́ sí Mọ́ńdè. Ibẹ̀ ló sùn títí adájọ́ fi dé ní Túsìdé, tí adájọ́ ka ọ̀rọ̀ náà, tó rẹ́rìn-ín, tó ní kó máa lọ sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Adéjùmọ̀kẹ́, tó wà ní Èkó nígbà náà, ti ní kó pe òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn kó wá gbọ́ èsì, bóyá òun á fẹ́ ẹ àbí òun ò ní fẹ́ ẹ. Sọ́ńdè dé, Akíndélé ò pè. Fóònù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ṣẹ́rífù. Nígbà tó jáde, kí ló fẹ́ sọ fún Adéjùmọ̀kẹ́, ọmọ olórí ẹgbẹ́ akọrin? Ṣé kó ní ewúrẹ́ ni? Ó ní òun wà lórí òkè, òun ń béèrè lọ́wọ́ Olúwa, Olúwa sì ti dáhùn. Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó tiẹ̀ ya òun alára lẹ́nu.

Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Zion, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé Adéjùmọ̀kẹ́ wá sí London, Akíndélé tẹ̀ lé e. Ilé wọn kò jìnnà sí Birchmere Park, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń fìyà jẹ ẹni tó bá mú búrẹ́dì dání. Nígbà tó yá, Akíndélé rí iṣẹ́ tó dáa: kó máa fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé àwọn ọmọ tí ara wọn ò dá lọ sí ilé ìwé.

Amirah, ọmọbìnrin tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ níbẹ̀, ló mú ìròyìn náà wá. "Mr Akíndélé, gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti gbé rí, a nílò police record láti ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí sheriff Pellam, ẹ ní kí wọ́n fi arrest record yín ránṣẹ́. Kódà bí kò bá sí nǹkan kan, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí."

Kì í ṣe ewúrẹ́ ló ń ba Akíndélé lẹ́rù, ọjọ́ tí wọ́n mú un ni. Ta ni ewúrẹ́ ò tíì kó sí wàhálà rí? Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá kì í wá láìsí ọjọ́ lórí, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó máa ń ka ọjọ́ tó wà lẹ́yìn ike mílíìkì kó tó ṣí i. Bó bá rí Sọ́ńdè yẹn nínú ìwé ṣẹ́rífù, òkè máa wó lulẹ̀, ìgbéyàwó á sì tẹ̀ lé e.

Ó wá dá ọgbọ́n. Ó sọ fún Adéjùmọ̀kẹ́ pé ìwé ibi iṣẹ́ lásán ni, ó kọ ímeèlì ara rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù pé ibẹ̀ ni kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí, ó sì lọ sí Woolwich lọ tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí káàdì tí ṣẹ́rífù fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ tọ̀.

Ìtọ̀ yẹn ló kó bá a. Nílé wọn, ìwé kan kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n ta òróró sí i. Adéjùmọ̀kẹ́ ti ta á sí ìwé físà, ó ti ta á sí fọ́ọ̀mù ilé ìwé Zion, ó ti ta á sí ìwé owó iná. Kí ọkọ rẹ̀ tó tọ̀ tán, ó ti yọ káàdì náà, ó ti fi òróró ìyàsímímọ́ ra ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti pàṣẹ fún ìlẹ̀kùn Amẹ́ríkà pé kó ṣí, ó sì ti lẹ àpòòwé pa. Akíndélé tìkára rẹ̀ ló gbé e lọ sí póòsì, tó ń fi súfèé kọrin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Zion wà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orin, Akíndélé wà nínú balùwẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà ní kíṣìnì níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dín dòdò. Fóònù dún. Ọwọ́ Adéjùmọ̀kẹ́ kún fún òróró, ó fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan sì gba gbogbo ilé, ohùn tí kò kánjú rárá.

"Michelle lorúkọ mi, ní ọ́fíìsì ṣẹ́rífù Pellam. Káàdì ìtẹ̀ka Ọ̀gbẹ́ni Akíndélé dé, ṣùgbọ́n òróró ti bà á jẹ́. Ṣé orí ohun tẹ́ ẹ ń dín lẹ ti tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Anointing oil ni ma," Adéjùmọ̀kẹ́ fèsì. "Èmi ni ìyàwó ẹ̀."

Michelle ní, "Ó dáa ná. Ẹ tún òmíràn tẹ̀ fún ìwé ibi iṣẹ́ yín. Àmọ́ àwa níbí ò nílò ìka ká tó mọ̀ ọ́n o. Orúkọ yẹn, àbí ewúrẹ́ yẹn, ta ló máa gbàgbé?"

"Ewúrẹ́ wo?"

Akíndélé ti fò jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí àti ọṣẹ létí, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo. Adéjùmọ̀kẹ́ wò ó, ó sì sún mọ́ fóònù.

"Ma, ṣé ẹ lè kà á fún mi?"

"Kí ló dé tí mi ò ní kà á? Àkọsílẹ̀ ìmúni ti gbogbo ayé ni lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè." Michelle sì kà á: ọ̀bẹ, ẹ̀jẹ̀, ìyá arúgbó, Sátidé títí di Túsìdé. Ó dárúkọ oṣù, ó dárúkọ ọdún. "Adájọ́ ti da ẹjọ́ náà nù, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀, ẹ má fòyà. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún wọn nígbà náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ohun tí mo bá gbé fún un ló ń jẹ, á tún béèrè òmíràn."

"Ó jẹun," Adéjùmọ̀kẹ́ wí.

"Ó mà fẹ́ràn búrẹ́dì àgbàdo wa o!"

Adéjùmọ̀kẹ́ dúpẹ́, ó súre fún un, ó sì pa fóònù. Ó pa iná lábẹ́ dòdò. Ojú ti Akíndélé débi pé ó ń wá ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Mummy Zion, Olúwa mọ̀ pé—"

"Fi Olúwa sílẹ̀. Ó ti ṣe overtime tó nínú ọ̀rọ̀ yìí." Kò pariwo, èyí ló burú jù. "Ṣé o mọ èsì tí mo fẹ́ fún ẹ lọ́jọ́ Sunday yẹn?"

Akíndélé ò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà yẹn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé kó béèrè.

"Rárá ni. No. Mo ti fi dánra wò lójú mirror, Títí ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún ẹ pé o ti ń sọ̀rọ̀ jù, pé mi ò tíì mọ̀ ẹ́, pé kó o máa bá tìẹ lọ. Lo bá pè, lo ní Ọlọ́run ló rán ẹ. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa wo ojú Ọlọ́run, tí mo máa ní rárá?"

Akíndélé jókòó sórí àga. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bí yóò ti dùn ún ká ní ó gbá a létí lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, irọ́ kékeré kan nípa ewúrẹ́ ló rò pé òun pa. Kò mọ̀ pé "rárá" ẹlòmíì lòun jí gbé.

"Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni?" Ohùn rẹ̀ kéré.

"Mi ò tíì mọ̀. Gbogbo ìgbà tó o bá ti múnú bí mi, mo máa ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ló yàn ẹ́, kí n mú sùúrù. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni ò yàn ẹ́ fún mi mọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa yàn. Oya, bi mí. Ohun tó yẹ kó o bi mí nígbà yẹn, fi ẹnu ara ẹ bi mí."

Akíndélé dìde. Ó tún táwẹ̀lì dì. Ó la ẹnu, "Ọlọ́—" ló fẹ́ jáde, ìyàwó rẹ̀ na fọ́ọ̀kì dòdò sókè, ó gbé e mì. Ọkùnrin tó lè fi wákàtí kan gbàdúrà lórí oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tòótọ́, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin yìí, kò sì sí ẹni tó máa bá a sọ ọ́.

"Jùmọ̀kẹ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Tó o bá ní rárá, màá gbà á bẹ́ẹ̀."

Adéjùmọ̀kẹ́ wò ó láti orí tó kún fún ọṣẹ dé ẹsẹ̀ tó tutù.

"Tún un sọ," ló wí. "Má kánjú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa kí n tó dá ẹ lóhùn."