Àpáàdì Lábẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Níìfẹ́mi

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ohun àtijọ́ máa ń pa bí ọtí ní Adó-Èkìtì lọ́dún 1998, a ò lè ka méjì kí orúkọ Fọlọ́runṣọ́ má jáde. Ọmọ Ìkìrun ni, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Òkè-Ìlá débi pé ohùn Èkìtì ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún Èkìtì ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni ilé ti ń hù nígboro bí olú, tí sìmẹ́ǹtì sì ń bo ohun tí àwọn baba ńlá ṣe mọ́lẹ̀. Ìdí rèé tí òun àti àwọn olùkọ́ mélòó kan fi dá Ẹgbẹ́ Olùṣọ́ Àjogúnbá sílẹ̀. Òun gan-an ló sì dá òfin tó le jù nínú ẹgbẹ́ náà: ibi tí ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́ bá ti yọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Òfin yìí ló mú kí Màmá Bámgbóyè, ìyá àgbà àdúgbò, gbé ibi ìdáná tó ti ń lò láti ìgbà tó wọlé ọkọ kúrò.

Òfin dùn ún ṣe nílé ẹlòmíì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwọn bíríkìlà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí Fọlọ́runṣọ́ fẹ́ kọ́ fún Níìfẹ́mi, ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ páànù tó ń jò ni Níìfẹ́mi ti ń ta àǹkàrá ní Ọjà Ọba. Òjò ọdún tó kọjá ba odindi ìdì aṣọ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì búra pé òjò mìíràn ò ní bá a níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ yìí kò fẹ̀, kò sì sí òmíràn. Ibẹ̀ ni dígà Ọlátúbọ̀sún, olórí àwọn bíríkìlà, ti kan ohun kan tó dún bí àwo.

Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àpáàdì ni. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tò ó tímọ́tímọ́, ọ̀kan dà síhìn-ín, ìkejì dà sọ́hùn-ún, bí egungun ẹja. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́, kò mọ èyí tó ṣáájú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọlátúbọ̀sún wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kò sẹ́ni tó tíì rí i, ṣé kí àwọn kúkú da kọnkéré lé e kí ọ̀sán tó pọ́n? Fọlọ́runṣọ́ rántí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń sá àǹkàrá tútù sórí okùn tẹkúntẹkún. Díẹ̀ ló kù kó ní kí wọ́n dà á. Ló bá sáré gun ọ̀kadà lọ sílé alága ẹgbẹ́, kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà.

Kí oòrùn tó mú, ẹgbẹ́ ti dé tìgbálẹ̀ tìgbálẹ̀. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti bọ́ bàtà kó tó dé etí kòtò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọjọ́ ọdún. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣí erùpẹ̀, wọ́n ń wọ́n omi, àpáàdì pupa sì ń yọ sí i. Fọlọ́runṣọ́ ń gbá pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kùkùté gúáfà tó wà láàárín ilẹ̀ ló ń wò. Bí àpáàdì bá lè dúró kó tó kan kùkùté yẹn, àyè á ṣẹ́ kù lẹ́yìn fún ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ó ń gbàdúrà sínú bí ẹni tó fẹ́ wo èsì ìdánwò.

Èrò pé, Màmá Bámgbóyè náà dé. Ó wo kòtò, ó wo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ.

“Mọ gbé ùdáná mi kúrò,” ló wí. “Ṣé ulé tìrẹ náà á sún?”

“Á sún, Màmá,” Fọlọ́runṣọ́ dáhùn.

Ìgbálẹ̀ kan kùkùté, àpáàdì ò dúró, abẹ́ rẹ̀ ló gbà kọjá. Ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìbínú ni Fọlọ́runṣọ́ fi ń gbá iwájú lọ, ó ń wá òpin rẹ̀ lójú méjèèjì, àfi bí ìgbálẹ̀ ṣe rì sínú ihò róbótó kan. Ó fi ìka kó erùpẹ̀ ibẹ̀. Ọrùn ìkòkò ni, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ funfun yí i ká, àpáàdì pupa tún yí òkúta ká. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo wọn.

“Mo rí i!”

Fọlọ́runṣọ́ ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ó fò sókè, ó dì mọ́ Adéyẹyè, ó ń jó nínú kòtò, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé ṣọ́ọ̀bù, ó gbàgbé òjò. Ìgbà tó yíjú ló rí Níìfẹ́mi létí kòtò. Ìròyìn ti bá a lọ́jà, ó sì ti wo ijó náà tán.

Ijó kú lẹ́sẹ̀ ọkọ. Níìfẹ́mi wo ọrùn ìkòkò náà títí. Ó wo okùn tí àwọn bíríkìlà ta sí igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ró ìró rẹ̀ le, ó bọ́ sínú kòtò, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Dùnmínínú, n ò tíì dárí jì yín,” ló wí fún ọkọ rẹ̀. “Ẹ sún síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbá ti ìhà ibí.”