Irin Inú Itan Ìyá Aránṣọ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le. Àìmọye ìgbà ni Ìyá Aránṣọ ti pa òwe yìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Lónìí, níwájú dókítà eegun, òwe náà kọjú sí òun alára.

"Ẹ fara ti àga, Màmá," ni dókítà wí. "Ẹ má ká ẹsẹ̀ yẹn jù."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń tẹ̀ lé e wá sílé ìwòsàn láti ìgbà tí wọ́n ti fi irin pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀, gba ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi wọ́n ti ògiri. Àwòrán eegun méjì ti wà lójú iná tí dókítà fi ń wò ó: èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti èyí tí wọ́n yà nígbà tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá. Ti òwúrọ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ dókítà.

"A ò fi sìmẹ́ǹtì eegun lẹ irin yìí. Ńṣe la gbá a wọnú eegun itan kó fún pinpin, kí eegun lè hù mọ́ ọn lára. Ó ti rì díẹ̀ láàárín àwòrán méjèèjì yìí. Ìyẹn nìkan kò burú. Ó dà bí ìyàwó tuntun, yóò sún síhìn-ín, sún sọ́hùn-ún, kó tó mọ ibi tí yóò jókòó sí. Àmọ́ bó bá ṣì ń rì, a ní láti tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe báwo?"

"A ó tún ibẹ̀ là, Màmá."

Ìyá Aránṣọ fọwọ́ bo itan náà.

"Ṣé ẹ ti gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ náà rí?"

Ìyàwó wolẹ̀.

"Gbójú sókè, ìyàwó mi, ìwọ kọ́ lo ṣe é," ni ìyá wí. "Dókítà, ọjọ́ tí mo délé ni mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ọmọ yìí bẹ̀ mí títí. Mo ní ta ní í fi ìjókòó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó gbé e dìde? Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni gbogbo ara mi wọ́ lé ẹsẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà ni itan ti ń ta mí."

"Ọlọ́run tó rí yín lórí ibùsùn, Màmá, ṣé kò ní rí yín lórí àga ni?"

Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu.

"Máa rẹ́rìn-ín," ni ìyá wí. "O ti rí ẹni tó gbè ọ́."

Dókítà gbé àwòrán kẹta sójú iná. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó wo ti tẹ́lẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ètè ìyá ń mì láìsí ohùn: Atẹ́rẹrẹ-káyé, Ọba tí ń ti arúgbó lẹ́yìn, má jẹ́ kí wọ́n tún mi là.

"Kò rì mọ́," ni dókítà wí. "Ibi tó wà níjọ́sí náà ló wà. Ó ti ń jókòó. Ẹ ṣì máa fọ̀pá rìn o, kò sì sí kíkúnlẹ̀ títí n ó fi ní ó yá."

Ìyá Aránṣọ di ọwọ́ dókítà mú. "Ọwọ́ yìí ò ní gbọ̀n," ló wí. "Ibi tí ẹ bá fi kàn, àlàáfíà ni yóò máa hù níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sí etí ibùsùn. Àpótí àṣẹ́kù aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òòrùn ọ̀sán ń wọlé lójú fèrèsé. Ọpẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé ara rẹ̀ ti ń yọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti kúnlẹ̀.

"Màmá, mò ń wò yín o," ni ìyàwó wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí ọ, ọlọ́pàá." Ìyá sún padà, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. "Ìyàwó mi."

"Mà."

"Orúnkún tìrẹ ṣì le. Jọ̀ọ́, wá síbí, kí o kúnlẹ̀ bá mi dúpẹ́."