Di Ọwọ̀ Mi Mú

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ẹlẹ́gbè fi ń gberin lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó dá orin: orin ìfẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi sínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ni gbogbo ohun èlò rẹ̀, ó ń dún gan-in gan-in bí aago tuntun.

Àmọ́ ibi tó yẹ kí ohùn ti gòkè, ibẹ̀ gan-an ni Ọ̀gá Kíbọ́ọ̀dù, ẹni tó hun orin náà, ti mú un wálẹ̀. "Di ọwọ́ mi mú" wá di "Di ọwọ̀ mi mú."

Ẹlẹ́gbè ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó panu mọ́. Lọ́dún kẹta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sọ fún ọ̀gá kan pé orin rẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òjò ń rọ̀, bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti là.

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin bí wọ́n ṣe fún un. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀kùn yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ṣí. Màmá tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé tòun ti ọwọ̀.

"Ẹ má bínú o. Ta ló ń pariwo ọwọ̀ láti àárọ̀? Mo ṣì ń fi gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni, àmọ́ ó jọ pé ẹ nílò ẹ̀ jù mí lọ. Ẹ gbà."

Obìnrin tó ń darí fíìmù náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú Ọ̀gá Kíbọ́ọ̀dù le koko.

"Ẹlẹ́gbè, ṣé ẹ gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀?"

Lójú Ẹlẹ́gbè, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. "Mo gbọ́ ọ, ọ̀gá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, wọ́n lé mi ni."

Ọ̀gá Kíbọ́ọ̀dù họrí. "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Èmi á tẹ̀ lé yín."

"Rárá o!" Olùdarí nu omi ojú. "Ẹ fi ọwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọge inú fíìmù á máa gbálẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ á wá gba ọwọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìparí ló máa tó di ọwọ́. Àbí kí lẹ rò, Màmá?"

"Èmi ò mọ orin o. Àmọ́ ọkùnrin tó bá gba ọwọ̀, wọ́n lè fún un lọ́wọ́."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, Ẹlẹ́gbè gbé ohùn sókè fún ọwọ́, kò wojú ẹnikẹ́ni kó tó gbé e. Kíbọ́ọ̀dù sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń gberin.