Iyọ̀ Tí Àtinúkẹ́ Kò Jẹ

Ọdún mẹ́rìnlá ni Japhet Ayọ̀rìndé fi gbà pé ìyàwó kékeré bàbá òun ló pa àbúrò òun. Ọpọlọ eku ló wá fi hàn án pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, torí àwọn ará Ọ̀sì, ìlú rẹ̀, pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Dókítà ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì máa gbé ọmọ tó ń húkọ́ wá bá a. Japhet kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Yàrá ìwádìí yunifásítì kan ló ti ń gé ọpọlọ eku wẹ́wẹ́, tó ń rẹ ẹ́ sínú omi, tó sì ń wọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ mọ bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń lo ṣúgà tó ń jẹ láti fi lé omi tó bá pọ̀jù jáde.

Lọ́jọ́ kan, nínú oṣù kẹta ọdún 1985, ó rẹ ègé kan sínú omi oníyọ̀, ó rẹ èkejì sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Nígbà tó wọ̀n wọ́n, ti àkọ́kọ́ wà bó ṣe wà. Èkejì ti wú. Omi ti ya wọ inú rẹ̀, agbára tó fi ń lé e jáde kò ká a mọ́. Japhet bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, wíwú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ lẹ́yìn ara rẹ̀, lọ́sàn-án gangan: "Bùrọ̀dá, fún mi lúyọ̀."

Ó yíjú padà. Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀rọ omi nìkan ló ń kán tó, tó, tó. Ara rẹ̀ bù máṣọ, torí ó mọ ohùn náà tó ń pe iyọ̀ ní uyọ̀ bí ará ilé. Keziah àbúrò rẹ̀ ni, tó kú lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ní 1971.

Ọmọ náà ti yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì nígbà náà kí Susanna ìyá wọn tó gbé e lọ sí ilé àdúrà kékeré kan tó ti wó báyìí. Òfin ibẹ̀ ni pé aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu fún ọjọ́ mẹ́ta; omi tí wọ́n gbàdúrà sí nìkan ni yóò máa mu. Àárẹ̀ mú Susanna. Japhet, olùkọ́ ọmọ ogún ọdún tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ gbóná janjan, gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ife kan bá tán, á tún bu òmíràn. Keziah ní ó tó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lá iyọ̀ díẹ̀. Japhet ní kó mu ún, ìwòsàn ni. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Keziah kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́, gìrì sì mú un.

Bẹ́ẹ̀ ni Àtinúkẹ́, ìyàwó kékeré bàbá wọn, ṣe já wọlé, tó fi ìka ti iyọ̀ bọ ọmọ náà lẹ́nu. Japhet gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Iyọ̀ fọ́n sórí ẹní. Kí oòrùn tó wọ̀, Keziah ti kú, gbogbo ilé sì ti mọ ẹni tó pa á: obìnrin tó fi iyọ̀ ba omi àdúrà jẹ́. Wọ́n lé e padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìdọ̀fin. Japhet fúnra rẹ̀ ló ju àpótí aṣọ rẹ̀ síta.

Láti ọjọ́ tí ègé ọpọlọ yẹn ti wú, kò gbádùn omi mọ́. Bó bá gbé ife sẹ́nu, ohùn náà á ní, "Bùrọ̀dá, ó tó." Susanna ti kú ní tirẹ̀, tòun ti ìbínú sí Àtinúkẹ́. Japhet mọ̀ pé bí òun kò bá sọ òtítọ́ fún Àtinúkẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú, òun yóò gbé ohùn yẹn wọ sàréè.

Nígbà Àjíǹde, ó ra búrẹ́dì àti àpò iyọ̀ kan, torí iyọ̀ wọ́n bí ojú lọ́dún náà. Ó wọ takisí ní Ọ̀sì, ó gba Ìlọ́fà kọjá sí Ìdọ̀fin.

Àtinúkẹ́ ń pa ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. "Japhet? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá kékeré." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Kò gbà kó sọ̀rọ̀ kó tó jẹun. Ó gbé omi kalẹ̀ fún un, ó wọ ilé ìdáná. Japhet rí i tó bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó wá bu iyọ̀ sí ti àlejò.

"Ẹ ò fi iyọ̀ sí tiyín, mà."

"N kì í jẹ uyọ̀. Látọjọ́ tí uyọ̀ ọwọ́ mi ti pa ọmọ ọlọ́mọ."

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Japhet. Ó ti rò pé ìbínú lòun yóò bá níbẹ̀, pé obìnrin náà yóò bú òun. Kò rò ó rí pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbà pé òun ló pa ọmọ náà. Ọdún mẹ́rìnlá! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń kólòlò: eku, omi, ọpọlọ tó wú. "Iyọ̀ kọ́ ló pa á. Omi tó pọ̀jù láìsí iyọ̀ ló mú kí ọpọlọ rẹ̀ wú; iyọ̀ ni ara rẹ̀ ń fẹ́. Bóyá tiyín ìbá gbà á là, bóyá ó ti pẹ́ jù, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ẹ ò pa á."

Àtinúkẹ́ ṣí àpò iyọ̀ tí Japhet gbé wá, ó fi díẹ̀ sórí ahọ́n, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Nígbà tó yá, ó nu ojú.

"Ta ló wá ń bu omi ọ̀hún fún un? Susanna ni, àbí?"

Òkú kì í jiyàn. Ó rọrùn láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Japhet ṣí ẹnu láti sọ ọ́, ohùn náà sì dún lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́: "Bùrọ̀dá."

"Èmi ni," ni Japhet wí. "Èmi ni mò ń bu ú. Ó ní ó tó, mo tún ń bu ú."

Àtinúkẹ́ mú ife omi tó ti gbé kalẹ̀ fún un, tí Japhet kò fọwọ́ kàn. Ó ju iyọ̀ ṣín-ún sí i, ó nà án sí i.

"Mu ún."

Japhet gbà á lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ń mu ún, ó ń retí ohùn tí yóò ní ó tó. Ó mu ún títí ó fi tán. Kò gbọ́ nǹkan kan.